Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Ìtàn Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì, Aboyún àti Ìkókó



Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, "ẹ kú ewu ọmọ" ni a máa ń kí i, a ó sì fi kún un pé ewu iná kì í pa àwòdì. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ohun eré, ìdí nìyẹn tí ìkíni wọn fi kọ́kọ́ dárúkọ ewu kí ó tó kan ayọ̀. Ewu tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ti ara: ẹ̀jẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò dá, ọmọ tí ó fi ìdí wá, ibi tí kò tètè bọ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ojú kì í tètè rí, tí ó ń bẹ nínú ọkàn aboyún àti ìyá ìkókó. Ìtàn ewu yìí, àti ti oògùn tí àwọn ènìyàn wá fún un, ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Kí n tó wọ inú ìtàn náà, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lóyún ẹ̀ẹ̀kejì. Láti ìgbà tí ó ti bí àkọ́bí rẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti bá a fínra, dókítà sì ti fún un ní oògùn tí ó ń lò lójoojúmọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé rí oògùn náà lórí àga, wọ́n figbe ta pé aboyún kì í lo irú rẹ̀. Wọ́n pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kàwé. Mo ní, "Òótọ́ ni, oògùn òyìnbó kò dára fún ọmọ inú. Jù ú nù." Àbúrò mi gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Nígbà tí oyún náà fi máa pé oṣù méje, kò jẹun mọ́, kò sùn mọ́, bí a bá sì bá a sọ̀rọ̀, ògiri ni ó máa ń wò. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá a létí kànga lóru ni a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí a rò. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run bá wa ṣé e, ìyá yè, ọmọ sì yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, níbo ni mo ti rí ìmọ̀ tí mo fi dá ẹjọ́ ọjọ́ náà? Ìwádìí tí mo ṣe ni ó di àròkọ yìí.

Ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀

Òyìnbó kọ́ ni ó kọ́ wa pé ìbímọ lè da orí obìnrin rú. Èdè wa fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Àbísínwín ni àwọn àgbà ń pe irú wèrè tí ó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, orúkọ náà sì ti sọ ìtàn ara rẹ̀: a bímọ, a sì sínwín. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ tí ó jẹ́ ọmọ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, ó sì kọ orúkọ oríṣiríṣi àìsàn orí tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀. Àbísínwín wà lára wọn. Ní ọdún 1960, ó tún kọ̀wé nípa egbò igi kan tí àwọn oníṣègùn náà ń lò láti mú ara alárùn ọpọlọ rọlẹ̀. Igi náà ni asofẹ́yẹjẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ igi yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a lọ́nà.

Bí ó ti wù kí ó rí, àbísínwín kò wọ́pọ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tí ó bá bímọ, ẹnìkan tàbí méjì ni ó máa ń mú. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì, tí kì í pariwo. Nígbà tí Alexander Leighton, Thomas Adéoyè Lambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí láàrin àwọn Yorùbá ní agbègbè Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, wọ́n rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan nínú èdè wa tí ó dúró fún àìsàn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn mọ àwọn àmì rẹ̀ dáadáa: àìrí oorun sùn, àìlèjẹun, ẹkún tí kò nídìí, ọkàn tí ó pòrúurùu. Ohun tí kò lórúkọ kì í tètè rí ìtọ́jú. Ẹni tí ó ya wèrè, a ó gbé e lọ sílé oníṣègùn. Ìyá ìkókó tí ó jókòó tí ó ń sunkún, ohun tí a máa ń sọ fún un ni pé ọpẹ́ ni ó yẹ kí ó máa dá, nítorí àwọn kan ń wá ọmọ, wọn kò rí.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù náà, ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ kí ó tó lójú. Ní ọdún 1858 ni Louis-Victor Marcé, dókítà kan ní Paris, tẹ ìwé kan jáde lórí wèrè aboyún, ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ti ẹni tí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ àìsàn yàtọ̀ sí rírí oògùn rẹ̀. Ó tó nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn Marcé kí oògùn kan pàtó tó jáde fún ìrẹ̀wẹ̀sì.

Bí oògùn náà ṣe dé

Èèṣì ni ó bí i. Ní ọdún 1952, ní ilé ìwòsàn Sea View ní Staten Island, New York, wọ́n ń dán oògùn kan tí ń jẹ́ iproniazid wò lára àwọn tí ikọ́ ìfe ń dà láàmú. Àwọn aláìsàn tí wọ́n ti ń dúró de ikú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹun, wọ́n tilẹ̀ ń jó nínú yàrá ìtọ́jú. Ní 1957, Nathan Kline àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé oògùn náà ń ran àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wulẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún kan náà ni Roland Kuhn, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Münsterlingen ní Switzerland, kọ̀wé nípa oògùn mìíràn, imipramine. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀ kò bọ́ sí i, ṣùgbọ́n Kuhn ṣàkíyèsí pé ó ń gbé ọkàn àwọn tí ìbànújẹ́ dè mọ́lẹ̀ sókè.

Ibí yìí ni asofẹ́yẹjẹ ti padà wọ inú ìtàn. Àwọn ará Íńdíà ní igi kan tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, tí àwọn náà ti ń lò fún àìsàn orí tipẹ́tipẹ́. Láti ara igi Íńdíà yìí ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel ti fa èròjà kan yọ ní 1952, tí wọ́n pè ní reserpine. Èròjà kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Wọ́n ń lò ó fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi rí i pé àwọn kan tí ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣubú sínú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní 1955, Bernard Brodie àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé reserpine ń gbọ́n serotonin dànù nínú ara. Láti inú irú àkíyèsí yìí ni èrò ti wáyé pé bí a bá lè mú kí serotonin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọpọlọ, ọkàn lè gbé sókè. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ipa ọ̀nà yẹn ni wọ́n tọ̀ dé ibi oògùn òde òní.

Reserpine kan náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ọmọ inú. Àwọn ìyá tí wọ́n lò ó nígbà tí ìrọbí sún mọ́ bí ọmọ tí imú wọn dí, tí ara wọn tutù, tí wọ́n sì ń tòògbé láìmu ọmú. Ohun tí ìyá gbé mì ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Òjìji thalidomide

Àwọn dókítà ìgbà náà kò ka èyí sí bí ó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ gbà pé ibi ọmọ dà bí ògiri tí ohun burúkú kò lè là kọjá. Thalidomide ni ó wó èrò náà palẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni wọ́n gbé e jáde ní Jámánì fún àìróorunsùn, àwọn aboyún sì ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Kí ó tó di ìparí 1961 tí Widukind Lenz ní Jámánì àti William McBride ní Ọsirélíà figbe ta, àwọn ọmọ tí ó ju 10,000 lọ káàkiri àgbáyé ni a bí tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn kò pé. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Kelsey kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ sí i, ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ là.

Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù oògùn ti wọ ọkàn gbogbo aboyún, kò sì yani lẹ́nu. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ìdin, yóò sá. Ní 1972, McBride kan náà tún figbe ta pé imipramine ń sọ ọmọ di aláàbọ̀ apá. Ayé tún dà rú. Nígbà tí àwọn mìíràn wo àkọsílẹ̀ dáadáa, ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ní 1993, wọ́n yọ orúkọ McBride kúrò nínú ìwé àwọn dókítà nítorí pé ó parọ́ nínú ìwádìí lórí oògùn mìíràn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ẹni tí ó sọ òótọ́ lánàá lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ lónìí, nítorí náà, ẹ̀rí ni a gbọ́dọ̀ wò, kì í ṣe orúkọ.

Ọdún 2006: ẹ̀sùn méjì láàrin ọjọ́ mẹ́jọ

Ní oṣù kejìlá ọdún 1987, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fluoxetine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Prozac. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi sertraline àti paroxetine rọrùn láti lò ju àwọn ti àtijọ́ lọ, wọ́n sì tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Nítorí pé àwọn obìnrin tí wọ́n ṣì lè bímọ pọ̀ láàrin àwọn tí ń lò wọ́n, ìbéèrè oyún kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Ní 2005, àjọ tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí paroxetine ba ọkàn ọmọ inú jẹ́ bí a bá lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 2006, ìwádìí méjì jáde láàrin ọjọ́ mẹ́jọ síra wọn. Ti Lee Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde. Wọ́n tẹ̀lé aboyún 201 tí wọ́n ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì rí. Nínú àwọn tí wọ́n dá oògùn dúró, 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn náà tún padà bá kí wọ́n tó bímọ. Nínú àwọn tí wọ́n ń bá a lọ, 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lẹ́yìn náà ni ti Christina Chambers jáde, tí ó sọ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ lo irú oògùn yìí lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún fi ìlọ́po mẹ́fà súnmọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tí kì í jẹ́ kí ọmọ tuntun mí dáadáa.

Ẹ wo ibi tí a bá aboyún dé! Bí ó bá lo oògùn, wọ́n ní ọmọ wà nínú ewu. Bí kò bá lò ó, wọ́n ní òun wà nínú ewu. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn onímọ̀ ní láti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì.

Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn náà pẹ̀tù sí ọkàn, bí kò tilẹ̀ pa ìbẹ̀rù rẹ́ pátápátá. Ní 2014, Krista Huybrechts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ oyún 949,504 wò ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ti fi aláìsàn wé aláìsàn bíi tirẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ nínú àbùkù ọkàn ọmọ. Ní 2015, wọ́n wo oyún tí ó tó 3,800,000 lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ewu náà lè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an ju ìlọ́po mẹ́fà lọ, àìsàn náà fúnra rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Ní 2017, ìwádìí láti Sweden àti láti Ontario fi ọmọ ìyá kan náà wé ara wọn, èyí tí ìyá lo oògùn nínú oyún rẹ̀ àti èyí tí kò lò ó, ìbáṣepọ̀ tí a rò pé ó wà láàrin oògùn àti àìsàn autism sì pòórá. Ti Cohen náà ní àtúnṣe: ìwádìí kan ní 2011 kò rí ìyàtọ̀ tí ó tóbi bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn aboyún tí àìsàn wọn kò le. Ẹni tí àìsàn náà ti bá lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun kan tí gbogbo wọn gbà ni ti ìkókó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti 1973 ni ìròyìn ti ń jáde nípa ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí oògùn tí ìyá rẹ̀ lò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ísírẹ́lì ní 2006, 18 nínú ọmọ 60 ni ó ní irú àmì bẹ́ẹ̀: ara ń gbọ̀n, ẹkún kò dá, ọmú kò ṣeé mu dáadáa, èémí yára. Àmì wọ̀nyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọjọ́ méjì, wọ́n sì máa ń lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìtọ́jú tí ó tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kí a gbé ọmọ mọ́ra, kí a máa fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, kí nọ́ọ̀sì sì máa ṣọ́ ọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìyá tí ń lo oògùn yìí bímọ ní ìkọ̀kọ̀ tàbí kí ó sáré kúrò nílé ìwòsàn. Ní ti ọmú, díẹ̀ kíún ni sertraline tí ń wọ inú omi ọmú.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo oògùn ọpọlọ ni ó rí bákan náà. Valproate, tí a ń lò fún wárápá àti fún àìsàn tí ń gbé ọkàn sókè sódò, ń ba ọmọ inú jẹ́ lóòótọ́. Nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá tí ìyá wọn lò ó ni ó ń ní àbùkù ara. Nítorí náà, kí obìnrin bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó lóyún ni ó dára jù.

Ní ìhà kejì, ìrẹ̀wẹ̀sì tí a kò tọ́jú kì í dáwọ́ ibi dúró. Ó lè mú kí a bí ọmọ láìtọ́jọ́, kí ọmọ kéré, kí ìyá má lè jẹun, kí ó má sì lọ fún àyẹ̀wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń ka ikú ìyá ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń wádìí rẹ̀, ìpara-ẹni wà lára ohun tí ó ń pa ìyá jù láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ.

Nílé wa ńkọ́?

Ní 1954 ni Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Aro, níbi tí aláìsàn ti ń gbé ní abúlé láàrin ènìyàn, tí ẹbí rẹ̀ kan sì ń bá a gbé. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó. Ará ilé jẹ́ apá kan ìwòsàn. Ní Ìléṣà, Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìyá 876 wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì kéde ní 2005 pé 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà. Ìyẹn ni pé nínú ìyá méje tí a bá kí kú ewu, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ṣì wà nínú ewu náà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé láti tọ́jú aboyún tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣe. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2019, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn obìnrin náà ni ara wọn ti yá ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrànlọ́wọ́ láti yanjú ìṣòro ni ó jẹ́ òpó ìtọ́jú náà. Nítorí náà, ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò le lè rí ìwòsàn láìlo oògùn rárá, ẹni tí tirẹ̀ le sì nílò méjèèjì. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin tí ó pe aláìsàn ní wèrè láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Òfin nìkan kò lè kí ìyá ìkókó. Àwa ni a ó kí i.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Ní ilé ìwòsàn, dókítà dá oògùn rẹ̀ padà fún un. Nígbà tí ó bímọ, ara ọmọ náà gbọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ń lù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gbé e mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, yóò lọ." Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ tí mo sì kí i kú ewu, àbúrò mi wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewu tí ẹ ń kí mi fún yìí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" N kò rí èsì fọ̀. Mo tọrọ àforíjì.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ bá rí aboyún tí ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ má sọ pé kí ó jù ú nù, ẹ má sì sọ pé dandan ni kí ó máa lò ó. Ẹ tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá yẹ kí oògùn dínkù, díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ kí ó dínkù, lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì lọ kí ìyá ọmọ tuntun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọmọ, tí ẹ ti súre fún un, ẹ bi ìyá náà pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ń sùn? Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Ẹ kú ewu o, gbogbo abiyamọ. Ọlọ́run yóò bá wa wo gbogbo wọn.